Awakọ̀ Òwú Tó Fẹ́ Lọ Wo Ẹranko Etíkun

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Sàlmànù fi wa ọkọ̀ òwú láti Parakou lọ sí èbúté Kútọnu, nígbà míì títí dé Lomé. Bí ẹ bá bi í pé kí ló rí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, á ní títì lòun rí. Kò fi ṣàwàdà. Ẹni tó kó òwú rẹpẹtẹ sẹ́yìn kì í wọ̀tún wòsì. Iwájú ló ń wò, títì dúdú tó ń sáré bọ̀ wá pàdé rẹ̀, àti ìdí ọkọ̀ ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Ó ti gba àárín Ṣábẹ̀ kọjá nígbà tí kò lóǹkà, síbẹ̀ kò lè sọ fún yín irú ọ̀dà tí wọ́n fi kun ilé kan ṣoṣo níbẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni ibi tí kòtò wà, ibi tí ọlọ́pàá máa ń sá pamọ́ sí, àti obìnrin tí ìrẹsì rẹ̀ kì í ní òkúta.

Nítorí náà, nígbà tó jókòó sórí ẹní nínú àgbàlá ilé rẹ̀ ní Ladjifarani, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìrun Alásárì, tó ní òun fẹ́ wa ọkọ̀ lọ sí etíkun láti lọ wo ẹranko, Mùfúlíátù ìyàwó rẹ̀ rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹranko wo?" ló bi í. "Ewúrẹ́ kún ojúde."

"Ẹranko inú omi," ni Sàlmànù dáhùn. "Èyí tó mí."

Mùfúlíátù bú sẹ́rìn-ín, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Gbogbo ilé ló mọ ìtàn ẹranko tó mí yẹn, kò sì sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ogún ọdún sẹ́yìn ni. Táyà Sàlmànù bẹ́ létí ọ̀sà kan lọ́nà Lomé, ní ìdájí, ó sì jókòó sórí òkúta kó tó rí ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́. Bó ti ń wo omi nítorí pé kò rí nǹkan míì wò, orí ńlá kan yọ, orí tó tó ti màlúù, tó ní irùngbọ̀n. Ó mí kanlẹ̀ bí àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹní. Ó wo Sàlmànù dáadáa, ó sì rì padà. Ní òdìkejì títì, pátákó kan wà tí wọ́n ya ìjàpá òkun àti erinmi sí, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìjọba ló pa ilẹ̀ àti omi ibẹ̀ mọ́ fún àwọn ẹranko. Ìgbà tó délé tó sọ ọ́, wọ́n ní ebi ló ń pa á. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ẹranko náà ní ẹja Sàlmànù.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Hàníyyà, ló gbà á sílẹ̀ díẹ̀. Hàníyyà kàwé nípa ohun abẹ̀mí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Banikanni báyìí. Ó fi àwòrán han bàbá rẹ̀ nígbà kan, ó ní kì í ṣe ẹja, ẹran omi tí àwọn Faransé ń pè ní lamantẹ̀n ni, ó ń fọ́mọ lọ́mú, ó sì ń yọrí láti mí. Sàlmànù gbé àwòrán náà káàkiri àdúgbò fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kò sì dákẹ́.

Ó ti ń sọ ọ́ láti ìgbà náà pé òun á padà lọ. Ṣùgbọ́n òwú kì í dúró de ẹnikẹ́ni, òun náà kò sì dúró. Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí tó ti fi ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀, tó ra Toyota eléérú kan tó ń fọ̀ lójoojúmọ́ bíi pé ó fẹ́ gbé e níyàwó. Ọdún mẹ́ta, kò lọ síbì kankan. Kí ló wá dé lójijì?

Ohun tó dé ni ohun tí Sàlmànù kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ààwẹ̀, ó lọ rí dókítà ojú nítorí pé ó ń kọlu ilẹ̀kùn. Dókítà ní omi inú ojú rẹ̀ ló le jù, ó ti tẹ iṣan ojú mọ́lẹ̀, ó sì ti jẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìríran rẹ̀ lọ. Àárín nìkan ló kù. Egbògi wà tí wọ́n ń kán sójú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kò lè dá èyí tó ti lọ padà, ṣùgbọ́n ó lè di èyí tó kù mú. Dókítà ní kó má wa ọkọ̀ mọ́, kó sì mú ẹnì kan nínú ilé wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kí wọ́n lè kọ́ onítọ̀hún bí wọ́n ṣe ń kán egbògi náà. Sàlmànù kí i dáadáa, ó ra egbògi, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ilé ìwẹ̀ ló ti ń kán an fúnra rẹ̀, lóòró, tí èyí tó pọ̀ jù ń ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọjọ́ tẹ́nikẹ́ni bá wà nílé ìwẹ̀, ó fi í sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀rù ló ń bà á, kò sí orúkọ míì tí a lè pè é. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ òun, pé wọ́n á máa fa òun lọ́wọ́ lọ sí mọ́sálásí. Lẹ́yìn ààwẹ̀, tó bá jókòó sórí ẹní tó wo igi máńgòrò àgbàlá, ó ń rí igi náà tòun ti ìkòkò omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní báyìí, igi nìkan ló ń rí. Ó wá ṣèpinnu pé kí ìyókù tó lọ, òun á rí ẹran omi yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, Mùfúlíátù náà á rí i, òun fúnra òun ni yóò sì wa ọkọ̀ débẹ̀. Ohun tó fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, Hàníyyà ti dé láti Banikanni pẹ̀lú ìwé àti bírò. Olùkọ́ ni, kò mọ bí èèyàn ṣe ń fẹnu lásán ṣètò nǹkan. Ó la ìlà sínú ìwé, ó kọ "Ìrìn Etíkun" sókè rẹ̀, ó sì wo bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀nà."

Ọ̀nà kọ́ ni wàhálà Sàlmànù. Ó di ojú, ó sì kà á jáde bí ẹni ń ké Àlùkùráánì. Wọn yóò kúrò nílé lẹ́yìn Àsùbáà. Wọn yóò ti kọjá Ṣábẹ̀ kí oòrùn tó mú. Wọn yóò jẹ ìrẹsì ní Ìdàáṣà. Wọn yóò san owó títì ní pẹ́àjì, wọn kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bohicon, lẹ́yìn náà Allada, Ouidah, Comé. Ìdúró mẹ́ta péré: epo, ìrun, oúnjẹ. Ní Alásárì, wọ́n ti débẹ̀.

"A dúpẹ́," ni Hàníyyà wí, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. "Ó ku inú ìpamọ́ ẹranko fúnra rẹ̀. Ọ̀nà kan ló yí i po, ó gba etí ọ̀sà, ó gba etí òkun, ó padà sẹ́nu ọ̀nà. Ogójì kìlómítà. Mo fi sí ọjọ́ méjì."

Sàlmànù lajú. "Ogójì kìlómítà, ọjọ́ méjì? Ṣé ìdí la máa fi wọ́ débẹ̀ ni?"

"Bàbá, ẹranko là ń lọ wò, a ò kó òwú. Bí a bá sáré, wọ́n á sá. A máa lọ díẹ̀, a pa ẹ́ńjìnnì, a dúró fún ogún ìṣẹ́jú, a wò. A tún lọ díẹ̀."

"Tí kò bá sí nǹkan kan níbi tí a dúró sí ńkọ́?"

"A máa wò ó bẹ́ẹ̀ náà."

Ọ̀rọ̀ yìí dun awakọ̀ òwú wọnú eegun. Ìgbà tí ọmọ náà tún sọ fún un pé kò gbọdọ̀ fọn fèrè ọkọ̀ rárá nínú ìpamọ́, ó yíjú sí Mùfúlíátù bíi kó gba tòun rò. Ṣùgbọ́n Mùfúlíátù ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ó ń ta ata gbígbẹ, irú àti kànáfùrù lọ́jà Arzèkè, kì í sì í ṣe ẹni tó ń jáde nílé láìdì ẹrù. Ó fẹ́ gbé wàrà díndín, iṣu mẹ́fà, ìgò ata kan àti ààrò kékeré.

"Ìyá, wọ́n ní ká má fún àwọn ẹranko lóúnjẹ," ni Hàníyyà wí.

"Ta ló fẹ́ fún wọn? Èmi ni mo máa jẹ ẹ́."

"Ẹ má sì wọ aṣọ tó ń tàn. Aṣọ pupa, aṣọ funfun, wọ́n ń rí i látòkèèrè. Ẹ wá èyí tó bá dà bí ewé gbígbẹ."

Mùfúlíátù ronú sí i. "Láti ọjọ́ tí mo ti délé ọkọ," ló wí, "n ò ra aṣọ tó dà bí ewé gbígbẹ rí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹranko náà rí mi ní tiwọn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Sàlmànù náà rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Nígbà tí Hàníyyà béèrè ẹni tí òun máa kọ síbi awakọ̀, ó ní irú ìbéèrè wo nìyẹn. Ọmọ náà ní pẹmí ìwakọ̀ tirẹ̀ ní tòótọ́, òun Sàlmànù ló kọ́ ọ lọ́kọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọ̀hún, òun nìkan ló ń wà á. Hàníyyà kọ "Bàbá" síbẹ̀.

Ó wá ku oṣù tí wọn yóò lọ. Lórí ìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Hàníyyà ní òun á bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò àwọn ọmọ ní ìparí oṣù kẹfà, ìsinmi fakáǹsì á bẹ̀rẹ̀. Sàlmànù ní ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé oṣù kẹfà ni òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń gbálẹ̀, eruku á ti sinmi, ilẹ̀ kò sì tíì rọ̀. Mùfúlíátù ní kí wọ́n ṣáà má jẹ́ kó wọ oṣù kẹjọ. Èwo nínú àwa ará Parakou ni yóò sọ pé òun fẹ́ rìnrìn-àjò ìgbádùn nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí gọ́tà bá kún dé ẹnu ilẹ̀kùn, tí ẹrẹ̀ ọjà bá ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn? Wọ́n fi sí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹfà. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó rántí béèrè bóyá òjò ibẹ̀ àti òjò ibí ń bọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ọjọ́ Àlàmísì tó tẹ̀ lé e ni Hàníyyà pe ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ìpamọ́ náà láti gba àyè. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló fún un ní nọ́ńbà. Orúkọ ọkùnrin náà ni Iṣẹ́olúwa. Nígbà tó gbọ́ ohùn Yorùbá nínú Faransé Hàníyyà, ó dá a lóhùn ní Yorùbá pé ọmọ Ìdàáṣà lòun, kó máa sọ ọ́ bó ti ń sọ ọ́ nílé. Hàníyyà gbé fóònù sórí ẹní kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ìparí oṣù kẹfà ni a fẹ́ wá," ló wí. "A máa wa ọkọ̀ ara wa."

Iṣẹ́olúwa fi ìbéèrè dá a lóhùn. "Níbo lẹ ti ń pè?"

"Parakou."

"Mo ti mọ̀." Ó rọra rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ẹ̀yin ará òkè lẹ ń ṣe é. Ẹ̀yin, ìgbà òjò kan ṣoṣo lẹ ní lọ́dún, oṣù kẹjọ ló ń le jù. Tiwa, méjì ni. Oṣù kẹfà gan-an ni tiwa ń rọ̀ jù. Ọ̀nà tó yí ibí po yìí, omi á ti dé ikùn ọkọ̀. A máa ń tì í ni. Ẹ wá láàárín oṣù kẹjọ. Òjò á ti dá dúró, ilẹ̀ á ti le. Àní nígbà yẹn, àbùùbùtán máa ń kọjá lójú òkun, ẹ lè dúró sórí iyanrìn kẹ́ ẹ rí i tó ń fọ́n omi sókè."

"Lamantẹ̀n ńkọ́?" ni Sàlmànù béèrè. Àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

"Ó wà, Bàbá. Ó ṣòro láti rí, ṣùgbọ́n ó wà. Ẹni tó bá ní sùúrù létí ọ̀sà láàárọ̀, tójú rẹ̀ sì mú, ó lè rí i."

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mùfúlíátù yíjú sí ọkọ rẹ̀, kò sì lè pa á mọ́ra.

"Bàbá Hàníyyà, ọdún mẹ́rìndínlógójì tẹ́ ẹ fi ń lọ síbẹ̀, ẹ ò mọ̀ pé òjò méjì ni wọ́n ní?"

Òótọ́ ni pé kò mọ̀, ó sì nídìí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń kó òwú. Tí òjò bá ti dé, ọkọ̀ akẹ́rù Sàlmànù á wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Parakou, òun náà á wà lóko. Kò fojú kan etíkun nínú oṣù kẹfà tàbí oṣù kẹjọ rí. Lójú rẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ ni etíkun, títì lílọ́wọ́ọ́wọ́, àti òógùn. Ojú tì í díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtìjú ló mú kó dìde lórí ẹní.

"Tó bá jẹ́ oṣù kẹjọ ni, ẹ fi sílẹ̀," ló wí. "A ò lọ mọ́."

"Bàbá, ọ̀sẹ̀ méje péré ni ìyàtọ̀ rẹ̀."

"Mo ní ẹ fi sílẹ̀."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ méje kò jọ nǹkan kan létí ẹni tójú rẹ̀ dára. Sàlmànù jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ṣírò. Láàárín oṣù méjì, ìkòkò omi ti lọ. Ní ọ̀sẹ̀ méje sí i lórí ìparí oṣù kẹfà, kí ni yóò kù? Bóyá igi máńgòrò náà. Bóyá ẹ̀ka rẹ̀ kan. Ó gbé egbògi jáde nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó gbójú sókè, ó kán an. Mẹ́ta bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀kan ṣoṣo ló wọlé. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an, ó sì fi apá ẹ̀wù nu ojú kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn.

Hàníyyà rò pé ìtìjú ló ń da bàbá òun láàmú, kò sì jẹ́ kó di ọ̀rọ̀. Ní àárọ̀ Àìkú, nǹkan bí aago mẹ́jọ, ó dé, ó ní bí wọn kò tilẹ̀ lọ mọ́, kí bàbá òun ṣáà gbé àwọn jáde díẹ̀, kí àwọn fi ọ̀nà oko tó wà lẹ́yìn Banikanni dánra wò bí wọ́n ṣe ń wo ẹranko. Mùfúlíátù ti wọ bàtà kó tó sọ̀rọ̀ tán. Sàlmànù kò rí ọ̀rọ̀ fi kọ̀ ọ́. Lọ́kàn rẹ̀ pàápàá, ó fẹ́ kí wọ́n rí i pé kò sí ohun tó ṣe òun.

Ó sì wà á dáadáa, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ọkọ̀. Títí wọ́n fi jáde nínú Banikanni tí títì fi parí, tí erùpẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀, kò sí àléébù kan. Hàníyyà jókòó sápá ọ̀tún rẹ̀, Mùfúlíátù wà lẹ́yìn.

"Ó yá, Bàbá, ẹ rọra," ni Hàníyyà wí. "Ẹni tó bá rí nǹkan, kó sọ ọ́."

Mùfúlíátù ló kọ́kọ́ rí lékeléke nínú oko àgbàdo. Hàníyyà rí àwòdì lórí òpó iná. Mùfúlíátù rí ọ̀kẹ́rẹ́ tó sáré gun igi òrí. Ó rí awó mẹ́ta, ó ní tẹni kan ni, wọn kì í ṣe ti igbó, ṣùgbọ́n kí wọ́n kà á mọ́ tòun. Obìnrin tí kò fẹ́ wọ aṣọ bí ewé gbígbẹ ló wá ń na ọrùn jáde ní fèrèsé bí ọmọdé. Sàlmànù kò rí ìkankan. Ó ń dáhùn "ẹn-ẹ́n, ẹn-ẹ́n," ó sì gbájú mọ́ ọ̀nà.

Wọ́n dé ibi kan tí ọ̀nà ti fẹ̀. Mùfúlíátù tẹ̀ síwájú, ó sì rọra fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

"Bàbá Hàníyyà, ọkùnrin yẹn kí yín."

"Ọkùnrin wo?"

"Èyí tó ń da màlúù. Ó gbé ọ̀pá sókè kí yín."

"Màlúù wo?"

Sàlmànù tẹ bíréèkì, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì yí gbogbo orí rẹ̀ sápá òsì. Màlúù bí ogún ló wà níbẹ̀, funfun, oníwo gígùn, wọ́n sún mọ́ ọkọ̀ débi pé ó lè na ọwọ́ kan wọn. Fúlàní tó ń dà wọ́n ti kọjá sẹ́yìn díẹ̀, ó ń wò wọ́n. Sàlmànù gbé ọwọ́ sókè kí i. Ó pẹ́ kó tó gbé e sílẹ̀.

"Bàbá," ni Hàníyyà rọra wí, "láti ìgbà wo?"

Ó sọ ọ́ fún wọn. Kò pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán. Nǹkan tó fi oṣù méjì gbé kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ó sọ ti dókítà, ó sọ ti egbògi, ó sọ ti ìkòkò omi. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun kò fi fẹ́ gbọ́ oṣù kẹjọ sétí.

Mùfúlíátù kò sunkún. Ó bínú ná. "Àwọn èèyàn ń wá bá mi lọ́jà," ló wí. "Wọ́n ní wọ́n ń kí yín ní mọ́sálásí, ẹ ń wò kọjá lára wọn. Wọ́n ní láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ra ọkọ̀ ni ìgbéraga ti wọ̀ yín lára. Mo ti bẹ gbogbo ayé tán nítorí yín. Mo ti fi ata bẹ̀ wọ́n." Ohùn rẹ̀ wá yí padà. "Ẹ sì wà nínú ilé ìwẹ̀, ẹ ń kán egbògi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi tí mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí lẹ rò pé màá ṣe?"

"Mo rò pé ẹ máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi," ni Sàlmànù wí.

"A máa gbà á," ni Mùfúlíátù dáhùn. "Láàárọ̀ ọ̀la, èmi àti ẹ̀yin la jọ ń lọ sọ́dọ̀ dókítà yẹn. Èmi ló máa kọ́. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, orí itan mi lẹ máa gbé orí lé, kò ní sí èyí tó máa bọ́ sílẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Kò mọ ìgbà tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe egbògi. Hàníyyà béèrè pé, láti ilé títí débi, kí ni bàbá òun rí.

Sàlmànù ronú sí i tọkàntọkàn. "Gudurọ́n títì," ló wí. "Lẹ́yìn náà, erùpẹ̀."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló dá a dúró. Àwọn méjèèjì ti rí lékeléke, àwòdì, ọ̀kẹ́rẹ́, awó, màlúù ogún. Òun tó di ọwọ́ mọ́ sítíárìn, ọ̀nà ló tún rí. Ó rò ó wò bóun yóò ṣe wa ọkọ̀ yí ogójì kìlómítà ìpamọ́ yẹn po, tí ẹran omi á yọrí lápá òsì, tí Mùfúlíátù á pariwo, tóun á ṣì máa wo kòtò. Ojú tó fi wo títì fún ọdún mẹ́rìndínlógójì kò lè padà wá mọ́. Èyí tó kù yìí ni ọ̀ràn rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun.

"Ojú tó kù fún mi kò pọ̀," ló wí. "Bí mo bá wa ọkọ̀, ọ̀nà ló máa jẹ gbogbo rẹ̀ tán."

Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó gba iwájú ọkọ̀ yípo. Hàníyyà ti sún sídìí sítíárìn kó tó débẹ̀. Sàlmànù jókòó sápá ọ̀tún. Kò jókòó síbẹ̀ rí nínú ọkọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀, ó kìlọ̀ kòtò méjì fún ọmọ náà tí ọmọ náà ti rí tipẹ́. Lẹ́yìn kòtò kẹta, ó gbọ́ ara rẹ̀, ó sì panu mọ́.

"Oṣù kẹjọ," ló wí. "Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ. Tójú mi bá dúró, màá rí i. Tí kò bá dúró, ẹ máa júwe rẹ̀ fún mi."

"Á dúró, lágbára Ọlọ́run," ni Mùfúlíátù wí látẹ̀yìn. Ó sún lọ sẹ́bàá fèrèsé òsì, ó sì yí gíláàsì sílẹ̀ pátápátá. "Ẹ máa wo ọ̀tún. Èmi ni mo ni òsì. Tí mo bá rí nǹkan, màá pè yín."

Wọ́n rọra ń lọ. Sàlmànù wo ọ̀tún. Oko kajú ló wà níbẹ̀, àti ilé amọ̀ kan tí wọ́n fi ẹfun kun ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àti obìnrin kan tó ń sá ẹ̀gúsí sórí ẹní. Wọn kì í ṣe ẹranko, ṣùgbọ́n ó wò wọ́n tán.

"Bàbá Hàníyyà," ni Mùfúlíátù wí, kò gbóhùn sókè. "Òsì. Òpó kejì, lókè pátápátá. Ẹyẹ."

Hàníyyà pa ẹ́ńjìnnì. Sàlmànù yí orí, ó yí èjìká tẹ̀ lé e. Ó kọ́kọ́ rí koríko. Ó rí ìdí òpó. Ó wá ń gbé ojú gun òpó náà díẹ̀díẹ̀, kò kánjú, títí tó fi dé òkè. Ẹyẹ náà ṣì wà níbẹ̀, aláwọ̀ aró, ìrù rẹ̀ gùn tínrín, oòrùn àárọ̀ sì bà á lára débi pé ó ń tàn.

"Mo rí i," ni Sàlmànù wí. "Hàníyyà, má tíì lọ."